Débọ́lá Ayàwòrán àti Àjà Ṣọ́ọ̀ṣì Onípákó

Bí ẹ bá pe Débọ́lá wá sílé yín, ẹ má retí pé á kọ́kọ́ jókòó mu omi tí ẹ bá gbé fún un. Igun ilé ló máa kọ́kọ́ wò. Á wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, á wo abẹ́ àtẹ̀gùn, á wo ibi tí iná yín kò dé, á wá rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ tó ti ń wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe é nílé mi, inú bí mi. Mo rò pé ìdọ̀tí ló ń wò. Mo ní, "Débọ́lá, ṣé o fẹ́ bá mi gbálẹ̀ ni?" Ó ní, "Aunty Àpèkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, òkùnkùn ibẹ̀ yẹn ló wù mí." Irú ọmọ wo nìyí?

Ọ̀dà ni èmi ń tà ní Kétu, ṣọ́ọ̀bù èmi àti tirẹ̀ jọ pín ògiri kan. Tó bá ń kọrin, mò ń gbọ́. Tí mo bá ń bá oníbàárà jà, òun náà ń gbọ́. Kí n má purọ́, mo máa ń jà. Ẹni tó ra ọ̀dà funfun, tó fi omi pò ó títí ó fi di omi ògì, tó wá gbé e padà pé kò mú ògiri, kí ni kí n ṣe fún un, kí n fi orin kí i? Ẹ mọ̀ báyìí pé kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń tètè yin èèyàn ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti ń jáde.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni bàbá Débọ́lá, Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà, ti kó ìyàwó wọn wá sí Kétu kí wọ́n tó bí i. Pákó ni wọ́n ń tà. Débọ́lá dàgbà sínú ṣọ́ọ̀bù pákó, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í ti í wọlé àfi láàárín pákó méjì, bóyá ibẹ̀ ni àìsàn òkùnkùn wíwò rẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí ilé ìwé, wọ́n ní kó lọ wá iṣẹ́ sí báńkì, ó lọ kọ́ṣẹ́ àwòrán yíyà. Pásípọ́ọ̀tù ló kọ́kọ́ ń yà. "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè, ẹ má rẹ́rìn-ín." Mo gbọ́ gbólóhùn yẹn láti ẹ̀yìn ògiri títí èmi náà fi ń sọ ọ́ lójú oorun.

Desmond ló mú un kúrò nídìí pásípọ́ọ̀tù. Ẹ̀jẹ́ǹtì ni Desmond, ó ń bá àwọn onílé Magodo wá ayálégbé, ó sì fẹ́ ẹni tí yóò máa ya inú ilé fún un. Ìṣòro àwọn ilé ọ̀hún ni pé pálọ̀ wọn tóbi, kọ́tìnnì wọn wúwo, inú ilé ṣókùnkùn, oòrùn sì ń ràn yòò lójú fèrèsé. Tí ẹ bá ya pálọ̀ kó hàn, fèrèsé á funfun báláú. Tí ẹ bá ya fèrèsé kó hàn, pálọ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ohun tí Débọ́lá ń ṣe ni pé á gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kò ní jẹ́ kó mira rárá, á wá ya ibì kan náà léraléra. Ọ̀kan á ṣókùnkùn kí ojú fèrèsé lè hàn. Ọ̀kan á mọ́lẹ̀ níwọ̀nba. Èyí tó kù, á jẹ́ kí kámẹ́rà lajú sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kó lè fa ìmọ́lẹ̀ táṣẹ́rẹ́ tó fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀. Á kó gbogbo rẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù, á mú ibi tó dáa lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, á pò wọ́n di ẹyọ kan. HDR ni àwọn oníṣẹ́ náà ń pè é. Èmi ò rí i bí nǹkan bàbàrà, torí bí èmi náà ṣe ń po ọ̀dà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo àwòrán ọ̀hún! Ẹ máa rí òdòdó inú ọgbà lójú fèrèsé, ẹ máa rí ẹsẹ̀ àga nísàlẹ̀ tábìlì, ẹ máa fẹ́ kó ẹrù yín wọbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ yìí kan náà ló wá bà á lórúkọ jẹ́. Ọkùnrin kan ti òkè òkun dé, ó ti rí pálọ̀ kan lórí fóònù, ó dé Magodo, ó wọ inú pálọ̀ ọ̀hún lọ́sàn-án gangan, ó ní kí wọ́n bá òun wá tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ yẹn dé ṣọ́ọ̀ṣì wa kí Débọ́lá tó délé, torí ìdajì ìjọ ló ń gbé Magodo. Látìgbà náà, tí obìnrin kan bá kun àtíkè jù, wọ́n á ní, "Ó ti ṣe Débọ́lá." Débọ́lá á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi tí mo wà lẹ́yìn ògiri mọ ìgbà tí kì í kọrin.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkòsí, Ṣọ́ọ̀ṣì Onípákó ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn ará Ìjẹ̀bú tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ ló kọ́ ọ, wọ́n sì gbé pákó wá láti ilé. Pákó ni ilẹ̀, pákó ni ògiri láti àyà lọ sókè, pákó ni àjà tó ga fíofío. Fèrèsé rẹ̀ kéré, ó ní ìlẹ̀kùn pákó tó ń ṣí síta. Bí ẹ bá ti inú oòrùn wọlé, ẹ ò ní rí àga tí ẹ máa jókòó lé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi okùn so iná gbọọrọ-gbọọrọ mọ́ agbede méjì òkè, wọ́n dojú wọn kọlẹ̀, a sì ń jọ́sìn lábẹ́ wọn. Òkè iná wọ̀nyẹn dúdú kirikiri. Èmi ò rò pé mo gbójú wo ibẹ̀ rí láti ọdún tí mo ti ń lọ síbẹ̀.

Ìjọ fẹ́ wó o. Wọ́n fẹ́ kọ́ tuntun tí yóò ní ẹ̀rọ amúlétutù àti ibi ìgbọ́kọ̀sí tó tóbi, èmi gan-an sì wà lára àwọn tó ń pariwo jù. Ooru ibẹ̀ pọ̀ ju ìwàásù ibẹ̀ lọ. Daddy Akínbíyì, ará Magodo, ẹni àádọ́rin ọdún ó lé, ni alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún wọn, síbẹ̀ kò sí ẹni tó kórìíra rẹ̀ tó wọn. Bí a bá ti ṣàmín ìkẹyìn, wọn kì í dúró kí èèyàn, wọ́n ti wọ mọ́tò. Wọ́n ti bá àwọn tó ń wólé sọ̀rọ̀, ó ku kí ìjọ fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n wá ní kí Débọ́lá ya inú ilé náà fún ìrántí, kí a lè gbé e kọ́ sínú tuntun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la lọ. Mo bá a gbé àpò kan, kì í ṣe torí àánú, mo fẹ́ lọ wo ohun tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ń ṣe níbẹ̀ ni, torí wọ́n ní kí gbogbo wa wá. A ṣílẹ̀kùn. Yéè! Wọ́n ti fi aṣọ di ṣọ́ọ̀ṣì bí ọmọ tuntun. Aṣọ funfun láti òkè délẹ̀, aṣọ aláwọ̀ wúrà lọ́rùn àwọn òpó, òdòdó oníke lójú fèrèsé, àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ ń tàn wọ́n ń kú lára pẹpẹ. Kò sí pákó kan ṣoṣo tó hàn. Mummy Loveth, olórí ẹgbẹ́, dúró láàárín, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, òógùn ń bọ́ lójú wọn.

"Débọ́lá, wò ó! Ṣé ó fine?"

Débọ́lá kúnlẹ̀ kí wọn. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Mummy, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni. Ṣùgbọ́n, Mummy, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ní kí n snap, wọn ò ní kí n snap aṣọ."

"Ah-ah! Ṣé pákó gbígbẹ yìí ni kí àwọn ọmọ wa máa wò? Decorator la pè o. Láti àná la ti ń kan ìṣó!"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo gbé e mì. Èmi ni mo mọ Débọ́lá, mo mọ̀ pé tí inú bá ń bí i, ohùn rẹ̀ á rọ̀ bí òwú. Kò jà. Ó ya àwòrán kan pẹ̀lú gbogbo aṣọ yẹn, ó gbé kámẹ́rà fún Mummy Loveth. Ó ní, "Mummy, ẹ fi ọwọ́ kan ibi tó fi hàn pé Ṣọ́ọ̀ṣì Onípákó nìyí. Ibi kan ṣoṣo."

Mummy Loveth wò ó. Wọ́n yí kámẹ́rà síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n tún wọ̀ ọ́. "Ó jọ hall tí wọ́n ti ṣe engagement ọmọ àbúrò mi," ni wọ́n sọ. Wọ́n kẹ́dùn. Wọ́n wá kígbe mọ́ wa bí ẹni pé àwa la kan ìṣó, "Kí lẹ ń wò? Ẹ já a!"

A já a. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá rí àwọn ìyá tí wọ́n gun àga tí wọ́n ń fa aṣọ ya! Ẹ̀rín ń pa wá, eruku ń bọ́ sí wa lẹ́nu. Àdéhùn kan ṣoṣo ni Mummy Loveth bá Débọ́lá ṣe: àwọn náà gbọ́dọ̀ wà nínú àwòrán. Débọ́lá gbà, ó tò wá sórí àga iwájú, a kẹ̀yìn sí kámẹ́rà, ó sì sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mira. "Ilẹ̀ pákó ni. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kan, kámẹ́rà á mọ̀. Tí ẹ bá mi orí, ẹ máa di orí méjì."

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn mi.

Ó wá ní kí Bàbá Elkanah, tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì, pa iná. Bàbá ní ilẹ̀ á ṣú. Débọ́lá ní, "Bàbá, ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn." Bàbá Elkanah pa á, wọ́n ń kùn pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn nìkan ni kò fẹ́ kí wọ́n wó ilé náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kẹ́. Ó dákẹ́. Kẹ́. Èyí tó kàn, ó ṣí, kò tètè pa dé. A jókòó bí ère. Fóònù Mummy Loveth dún, a tún un ṣe. Ẹnì kan sín, a tún un ṣe. Nígbà tó yá, Débọ́lá dojú kámẹ́rà kọ òkè pátápátá, kò sí ìdí kan, ó ní òkùnkùn ibẹ̀ kàn wu òun ni. Ó jẹ́ kí kámẹ́rà lajú síbẹ̀ títí ọrùn fi ń dùn mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mò ń ti ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo gbọ́ igbe lẹ́yìn ògiri. "Aunty! Aunty Àpèkẹ́! Ẹ sáré wá!" Mo rò pé iná ló gbé e. Mo gbé pátákó kan lọ́wọ́ kí n lè fi gbá a kúrò lára wáyà. Mo débẹ̀, ó dúró níwájú láptọ́ọ̀pù, ó di orí mú.

Àjà ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wà níbẹ̀. Búlúù ni. Búlúù láti ẹnu ọ̀nà dé pẹpẹ, bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Àwọn lékèélékèé sì ń fò lọ nínú rẹ̀, funfun, ọrùn wọn ká, ẹsẹ̀ wọn nà sẹ́yìn, gbogbo wọn dojú kọ pẹpẹ. Ẹnì kan ló fi ọwọ́ kùn wọ́n, ìyẹ́ apá ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Orí mi wú. Mo ju pátákó sílẹ̀. A di mọ́ ara wa, a ń fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré yẹn, a gbá àga pásípọ́ọ̀tù ṣubú. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé èmi ni mo ń pariwo kí wọ́n wó o!

Nígbà tí a mí tán, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Aunty, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Ẹ wò ó." Ó fa nǹkan kan lójú láptọ́ọ̀pù, búlúù náà pọ̀ sí i. Ó fà á padà, ó di eérú. "Ṣé búlúù wà níbẹ̀ ni, àbí èmi ni mo fi síbẹ̀?"

"Ẹyẹ ńkọ́? Ìwọ lo fi ẹyẹ síbẹ̀?"

"Tí omi òjò bá jò sára pákó, àbàwọ́n rẹ̀ máa ń ya oríṣiríṣi àwòrán. Èèyàn lè rí ẹyẹ nínú ẹ̀. Aunty, wọ́n ti ń fi orúkọ mi ṣeré tẹ́lẹ̀. Tí mo bá gbé èyí síwájú ìjọ, tí kì í bá ṣe òótọ́, ó ti parí fún mi nìyẹn. Tí mi ò bá sì gbé e síwájú wọn, wọ́n máa wó o."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, èmi àti ẹ̀ ti dé ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹnikẹ́ni tó dé, àfi àwọn kọ́ọ̀rù tí wọ́n ti tan iná. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì sókè. Àjà ga jù, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì kò kọjá ibi tí àwọn iná gbọọrọ wà. Dúdú ló rí, dúdú náà ni èmi náà rí. Kò gbọ́ nǹkan kan nínú ìwàásù ọjọ́ yẹn, èmi náà ò gbọ́, kí Ọlọ́run dárí jì wá.

Lẹ́yìn ìsìn, ìgbìmọ̀ jókòó síwájú, ìjọ dúró. Ẹ̀rọ kan ń ju àwòrán sára aṣọ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Wọ́n fi ti àwa ìyá hàn, a pàtẹ́wọ́ fún ara wa. Wọ́n fi fèrèsé hàn. Ti àjà, tí Débọ́lá fi kún wọn tẹ̀rù-tẹ̀rù, wá yọ.

"Haa!" ni gbogbo ilé ké. Fún ìṣẹ́jú kan, mo rò pé a ti borí. Ẹnì kan lẹ́yìn wá sọ ọ́, "Débọ́lá ti ṣe Débọ́lá!" Ẹ̀rín bú jáde. "Photoshop!" "Ẹ bá wa fi áńgẹ́lì sí i náà!" Gbogbo wọn gbójú sókè wo àjà, iná gbọọrọ wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n rí dúdú, ẹ̀rín wọn tún pọ̀ sí i. Inú bí mi débi pé mo bọ́ bàtà mi kan. N kò mọ ẹni tí mo fẹ́ fi jù.

Ṣùgbọ́n Daddy Akínbíyì kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde. Wọ́n nàka sí àwòrán náà.

"Débọ́lá. Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ẹyẹ fún ẹ?"

Débọ́lá kúnlẹ̀. "Daddy, kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún mi, sà."

"Irọ́ lo ń pa! Bàbá mi, kí wọ́n tó kú, ẹyẹ ni wọ́n ń rí. Ẹyẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí! Wọ́n á sá nílé lọ́sàn-án, ibí la máa ti wá wọn rí. Gbogbo àgbà Ìkòsí ló mọ̀ pé orí wọn ti dàrú. Àdúrà wo la ò gbà? Òkè wo la ò gbé wọn gùn? Ẹyẹ náà ni wọ́n ń wí títí wọ́n fi lọ. Ìwọ wá lọ fi computer ya ẹyẹ, kí gbogbo ìjọ lè fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́!"

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìdí tí wọ́n fi ń yára wọ mọ́tò lọ́jọọjọ́ Àìkú. Adìyẹ bà lókùn báyìí: ara ò rọ Daddy, ara ò rọ Débọ́lá. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, omijé lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé orí sókè, mo sì rí i pé ọmọ náà ti pinnu.

"Daddy, mi ò mọ bàbá yín, sà. Kámẹ́rà mi ló rí i, ó rí i torí pé ó fara balẹ̀ nínú òkùnkùn. Ẹ jẹ́ kí àwa náà fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Bàbá Elkanah pa gbogbo iná, kí wọ́n ti fèrèsé, kó ku ti ẹ̀yìn pẹpẹ nìkan. Ká jókòó. Tí ẹ ò bá rí ẹyẹ, èmi fúnra mi ni màá yọ pákó àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ wó o. Ẹ ò sì ní rí mi ní ìjọ yìí mọ́."

Bàbá Elkanah kò dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti pa iná.

Ẹ̀yin ará, ooru! Fáànù dúró, fèrèsé tì, ìjọ odindi nínú òkùnkùn birimùbirimù. Àwọn ọmọ ń ké. Mummy Loveth ń fi ìwé orin fẹ́ atẹ́gùn sí ara, wọ́n ń wí pé Débọ́lá fẹ́ sè wá bí ẹ̀pà. N kò rí nǹkan kan. N kò rí ọwọ́ ara mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, kì í sì í ṣe àdúrà ẹ̀mí mímọ́, mò ń sọ fún Ọlọ́run pé tí ó bá dójú ti ọmọ yìí, èmi àti Òun máa rí i.

Nígbà tó yá, òkùnkùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ ojú mi lára. Mo kọ́kọ́ rí àga iwájú. Mo rí etí ẹni tó jókòó sórí rẹ̀. Mo gbé ojú sókè, mo rí igi àjà, ohun tí n kò rí rí. Nǹkan funfun kan wà níbẹ̀, bí àbàwọ́n. Mo tẹjú mọ́ ọn. Àbàwọ́n náà ní ọrùn. Ọrùn náà ká. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹ́ apá kan, ó gùn ju èkejì lọ!

"Ó ń fò!" Èmi ni mo pariwo bẹ́ẹ̀, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti dìde. "Ẹ wò ó lókè pẹpẹ! Lékèélékèé!"

"Níbo?"

"Mo rí i! Jésù, mo rí i!"

"Méjì ni! Ọ̀kan wà lókè ibí náà!"

Ilé dà rú. Àwọn èèyàn gun àga, wọ́n ń nawọ́ sókè, wọ́n ń di mọ́ ẹni tí wọn kò bá sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá. Mummy Loveth ju ìwé orin nù, wọ́n ń jó láìsí orin. Kí a sọ òótọ́, búlúù náà kò tó ti láptọ́ọ̀pù Débọ́lá, èéfín àtùpà àwọn baba wa ti wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n búlúù ni. Ẹyẹ sì ni ẹyẹ. Iná tí a so sí agbede méjì ni kò jẹ́ kí á rí i láti ọjọ́ yìí. Bàbá Elkanah ń sunkún bí ọmọdé.

Daddy Akínbíyì nìkan ló dúró gbagidi. "Mi ò rí nǹkan kan," ni wọ́n wí. Ohùn wọn kò le mọ́, ó dà bí ti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ̀yin ń rí i? Èmi ò rí nǹkan kan."

Òkùnkùn kì í tètè mọ́ ojú àgbà lára. Débọ́lá lọ bá wọn, ó di ọwọ́ wọn mú. "Daddy, ẹ má wo fèrèsé ẹ̀yìn pẹpẹ, ó ń pa ojú yín. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, sà." Ó mú wọn dé àga gbọọrọ kan. Daddy Akínbíyì, tí agbádá wọn funfun nini, tí èèyàn kì í fara kàn lásán, na gbalaja sórí àga, wọ́n dojú kọ òkè. A ń wò wọ́n, àwọn ń wo òkè. Ó pẹ́.

Mo rí i nígbà tó dé ojú wọn. Ẹnu wọn là.

"Ah," ni wọ́n wí. "Ah. Bàbá mi." Wọ́n ń mí gúlegúle. "Bí wọ́n ṣe máa ń dùbúlẹ̀ nìyí. Orí àga báyìí gan-an. Wọ́n á ní, 'Ọmọ mi, dùbúlẹ̀, wá wò ó.' Èmi ni mo máa ń fà wọ́n dìde. Mo máa ń fà wọ́n lọ́wọ́ dé ìta."

Ìyàwó wọn fẹ́ gbé wọn dìde, wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí Débọ́lá gbé kámẹ́rà rẹ̀ wá, kó ya àwọn bí àwọn ṣe wà níbẹ̀, àti gbogbo ẹyẹ òkè. Débọ́lá to ẹsẹ̀ mẹ́ta náà, ó ní kí gbogbo wa má mira. Odindi ìjọ gbé èémí mì. Kẹ́. Kẹ́. Ó jẹ́ kí kámẹ́rà lajú.

Ẹ̀yìn ilé, níbi tí à ń gbé mọ́tò sí, ni a ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun sí báyìí, Onípákó sì wà níbi tó wà. A ti tú àwọn iná gbọọrọ sílẹ̀. Àwòrán ọjọ́ yẹn wà ní pálọ̀ Daddy Akínbíyì ní Magodo, mo ti lọ wò ó. Àjà náà hàn kedere, èèyàn lè ka ìyẹ́ lékèélékèé kọ̀ọ̀kan, àwa ìjọ náà hàn, bàtà mi kan ṣì wà lọ́wọ́ mi. Daddy nìkan ni kò hàn dáadáa. Ẹkún ń mì wọ́n, ojú wọn sì pò pọ̀ bí omi tí a rú. Débọ́lá bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un ṣe lórí láptọ́ọ̀pù, pé kò ní gba òun lásìkò. Wọ́n ní kó má fọwọ́ kàn án, bí àwọn ṣe rí lọ́jọ́ yẹn gan-an nìyẹn.